Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa rìn ní Róòmù tí ẹsẹ̀ èmi àti mọ́mì mi ò ní bó?

Ọmọ Ọ̀ṣogbo
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Mọ́mì mi ti dé sọ́dọ̀ mi ní Leeds láti Ọ̀ṣogbo, a sì fẹ́ lọ ṣe họlidé ní Róòmù lóṣù tó ń bọ̀, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ yẹn nígbà tí agbára ṣì wà. Gbogbo ẹni tó ti lọ tí mo bi ló ń sọ pé ìrìn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, àárọ̀ dalẹ́ lèèyàn máa ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n bá padà sí hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ta wọ́n. Èmi fúnra mi tí mo bá rìn pẹ́, gìgísẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, tó bá wá di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn á gún mi dénú eegun. Mọ́mì ní tiwọn, ẹni ọdún 66 ni wọ́n, ara wọn le, àmọ́ wọ́n ní àtọ̀gbẹ, wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni pé wọ́n ti ra bàtà aláwọ tuntun kan torí ìrìnàjò yìí, bàtà tó rẹwà gan-an, inú páálí ló wà, wọ́n ní ó di Róòmù kí àwọn tó wọ̀ ọ́. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Kí ni ká wọ̀, kí ni ká fi pa ẹsẹ̀, báwo la ṣe máa pín ìrìn yẹn? Ẹ má sọ pé ká má lọ o, a ti sanwó.

Àrẹ̀mú Róòmù
Ẹ kú oríire mọ́mì. Róòmù ni mo ń gbé, mo sì máa ń mú àlejò káàkiri níbí, torí náà ẹ gbọ́ tèmi. Kì í ṣe jíjìn ọ̀nà nìkan ló ń pa ẹsẹ̀ èèyàn níbí, ilẹ̀ ibẹ̀ ni. Òkúta dúdú kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sampietrini ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ títì àárín ìlú, òkúta kan ga, èkejì rì, àlàfo wà láàárín wọn, gbogbo ìṣísẹ̀ lẹsẹ̀ ń wá ibi tó máa fìdí múlẹ̀ sí, ọrùn ẹsẹ̀ á ti rẹ èèyàn kí ọ̀nà tiẹ̀ tó jìn. Tójò bá rọ̀ sí i ó ń yọ̀. Bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á há sáàárín òkúta, sìlípáàsì pẹlẹbẹ náà ò dáa, torí gbogbo òkúta yẹn lẹ ó máa mọ̀ lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá wá dé inú Forum, ìyẹn àwókù gbàgede ìlú ayé àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Colosseum, pápá ìwòran àtijọ́ yẹn, òkúta ńláńlá ayé àtijọ́ ló wà lójú ọ̀nà Via Sacra, ibẹ̀ le ju ìgboro lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ má kó ibi ńlá méjì pọ̀ lọ́jọ́ kan. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló kó Colosseum àti Forum pọ̀, àwọn èèyàn á fẹ́ rin méjèèjì láàárọ̀, wọ́n á tún sáré lọ Vatican, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ wà, lọ́sàn-án, kì í tán sí ibi tó dáa. Vatican Museums, ilé tí wọ́n kó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí níbẹ̀, òun nìkan, tẹ́ ẹ bá so gbogbo yàrá àti kọ́rídọ̀ ẹ̀ pọ̀, ó tó kìlómítà 7, orí ilẹ̀ líle sì ni, dídúró wò níbẹ̀ tún ń rẹ èèyàn ju rírìn lọ. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn tí wọ́n ń yáni níbẹ̀, ẹ má tijú bèèrè ẹ̀. Tó bá jẹ́ ti òkè ilé ìjọsìn Pétérù, àtẹ̀gùn 551 ló wà níbẹ̀, lífíìtì wà tó máa gbé yín dé ibì kan àmọ́ ẹ ṣì máa gun ohun tó lé ní 300, ẹ jẹ́ kí mọ́mì jókòó nísàlẹ̀, ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tó wò fún wọn.

Ìjókòó gan-an ni wàhálà ìlú yìí. Ẹ má gbọ́kàn lé àtẹ̀gùn Spanish Steps pé ẹ máa jókòó síbẹ̀ sinmi, láti 2019 ni wọ́n ti fòfin de ìjókòó níbẹ̀, ọlọ́pàá á ní kẹ́ ẹ dìde, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé yín. Ṣọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ máa yà sí. Kò sí àdúgbò tí ò sí ṣọ́ọ̀ṣì ní àárín ìlú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ọ̀fẹ́ ni, inú ẹ̀ tutù, bẹ́ǹṣì wà, mọ́mì á gbàdúrà, ẹ̀yin náà á na ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yà sílé kọfí, wọ́n sábà máa ń gba owó tó pọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ju ẹni tó mu tiẹ̀ lóòró lọ, ẹ san án, ẹsẹ̀ lẹ ń sanwó fún.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú
Ọmọ mi, má ṣe wàhálà jù. Tẹ́ ẹ bá ti dé hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, gbé omi gbígbóná sínú báàfù, da iyọ̀ sí i, kí ìwọ àti mọ́mì ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi òrí pa á kẹ́ ẹ tó sùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ọjà dé nìyẹn ni mò ń ṣe. Ẹ sì wọ sàńdáàlì kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ mà, Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún tiyín. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lè tu ọmọ wa lára, kò burú. Àmọ́ mọ́mì tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná rárá. Àtọ̀gbẹ tó bá ti pẹ́ lára lè ba àwọn iṣan tó ń jẹ́ kéèyàn mọ nǹkan lára lẹ́sẹ̀ jẹ́, omi á ti bó wọn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó gbóná jù. Mo ti tọ́jú àwọn tí òkúta wọnú bàtà wọn tí wọ́n rìn lórí ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ tí wọn ò mọ̀, ìgbà tí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ lára ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Egbò ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná, torí ẹ̀jẹ̀ lè máà ṣàn dé ìsàlẹ̀ yẹn dáadáa, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìléròrò kékeré tí èmi àti ẹ lè gbójú fò, tiwọn ò ṣeé gbójú fò.

Ọmọ Ọ̀ṣogbo, kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ẹsẹ̀ yẹ ẹsẹ̀ wọn wò. Kì í pẹ́, wọ́n á fi okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn níbi mélòó kan, wọ́n á ní kí wọ́n dijú kí wọ́n máa sọ ìgbà tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n lára. Ìdáhùn yẹn ló máa sọ fún yín bí ẹ ṣe máa ṣọ́ra tó. Tẹ́ ẹ bá dé Róòmù, àràárọ̀ kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ẹ ki ọwọ́ yín bọ inú ẹ̀ ná, ẹ wò ó bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Lálẹ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ wọn, àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀yìn gìgísẹ̀, àárín ọmọ ìka, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n pé ṣé ó ń dùn yín, torí ó lè máà dùn wọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tó pọ́n, tó wú tàbí tó bó, ẹ fi báńdéèjì tó mọ́ bò ó, kí bàtà yẹn má padà síbẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ sì wá dókítà, ẹ má ní ó dìgbà tẹ́ ẹ bá padà sí Leeds. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú ìléròrò wọn. Wọn ò gbọ́dọ̀ rìn láìwọ bàtà, nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì pàápàá. Òrí tí Ìyá Ìbejì sọ dáa gan-an fún gìgísẹ̀ tó ń sán, kí wọ́n má ṣáà fi sáàárín ọmọ ìka, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú
Ẹ ṣeun nọ́ọ̀sì, Olúwa á bù kún ìmọ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà ní àtọ̀gbẹ, mo máa pè é lálẹ́ yìí nípa ọ̀rọ̀ omi gbígbóná yẹn.

Aránbàtà Ìjẹ̀bú
Ọ̀rọ̀ bàtà kàn mí. Bàtà aláwọ tuntun máa ń le, ó fẹ́ kọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín, kò sì ṣeé kọ́ lórí ìrìn ọjọ́ kan. Ẹ sọ fún mọ́mì kí wọ́n yọ ọ́ nínú páálí lónìí, kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ nínú ilé fún bíi wákàtí kan lójúmọ́, pẹ̀lú irú ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa wọ̀ lọ, kẹ́ ẹ máa wo ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn rẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ibi tó bá ń ha mọ́ wọn, aránbàtà lè fi igi ìnabàtà nà án. Bó ti wù kó rí, èmi ò ní gbà kí wọ́n fi rìn káàkiri Róòmù. Kí wọ́n gbé e dání, kí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ síbi oúnjẹ alẹ́ àti ìsìn tí wọ́n máa jókòó ṣe, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Ẹ ra kánfáàsì tí wọ́n ṣe fún ìrìn fún wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ rà á, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, bàtà tó bá yín mu rẹ́gí láàárọ̀ á fún yín tó bá dalẹ́. Ẹ dìde dúró nínú ẹ̀, kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò wà láàárín ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù àti imú bàtà, kí gìgísẹ̀ má sì máa yọ sókè tẹ́ ẹ bá ń rìn. Ẹ fọwọ́ méjèèjì ká bàtà náà, tó bá ká níbi ọmọ ìka ó dáa, tó bá ká láàárín gbùngbùn tàbí tẹ́ ẹ bá lè fọn ọ́n bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ sá, ẹ dá a padà, kò ní ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ lórí òkúta. Ihò kan sì máa ń wà lókè pátápátá tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fa okùn gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ fa okùn gba ibẹ̀ kó ṣe ojóbó, kẹ́ ẹ ki okùn òdìkejì bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó so ó, gìgísẹ̀ ò ní máa lọ máa bọ̀ mọ́, ọmọ ìka náà ò ní máa sáré lọ kọlu imú bàtà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn Houston
Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ bàtà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìbọ̀sẹ̀. Awọ ìta ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀, eegun inú á máa lọ máa bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni awọ ṣe ń ya nínú tí omi ń gbá jọ síbẹ̀, ìyẹn ló ń di ìléròrò. Òógùn ló sì ń jẹ́ kí awọ lẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ òwú lásán á fa òógùn mu, á wá mú un dání síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ wá èyí tó jẹ́ irun àgùntàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí ti àwọn eléré ìdárayá tó ń tètè gbẹ. Ẹ fi ìkejì sínú báàgì, tó bá di ọ̀sán kẹ́ ẹ jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì tí Bọ̀dá Àrẹ̀mú sọ, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ máa rí i pé ara tù yín lójú ẹsẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ó máa ń bó yín tẹ́lẹ̀, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ má dúró kó bó ná. Tẹ́ ẹ bá wà lọ́nà tí ibì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná tàbí tó ń ta yín, ẹ dúró níbẹ̀ gan-an, ẹ má sọ pé ó ku díẹ̀ ká dé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìsinsìnyí. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù yẹn, ẹ fi kánfáàsì tuntun yẹn rìn díẹ̀ lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ máa fi kún un, ẹsẹ̀ tí ò rìn ní Leeds ò lè dédé máa rìn ní Róòmù.

Ọmọ Ọ̀ṣogbo
Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ o, ẹ ṣé gan-an. Nọ́ọ̀sì, gìgísẹ̀ tèmi tó ń gún mi láàárọ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yẹn, ó jọ iṣan fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, èyí tó ti gìgísẹ̀ lọ dé ìdí ọmọ ìka, òun ló ń binú. Lóru ó máa ń sún kì, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ á wá fà á lójijì, ìdí nìyẹn tó fi ń gún yín. Kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ di ọmọ ìka ẹsẹ̀ mú kẹ́ ẹ rọra fà wọ́n wá sápá ojúgun, ẹ mú un bẹ́ẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan. Lọ́sàn-án ẹ fọwọ́ ti ògiri, ẹ na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ ẹ̀ má kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú títí ẹran ẹ̀yìn ojúgun á fi nà. Lálẹ́ ẹ fi ìgò ike tí omi inú ẹ̀ ti di yìnyín sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kí ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ yín, ẹ máa yí i síwá sẹ́yìn. Ẹ̀yin nìkan o, kì í ṣe mọ́mì. Tí ò bá rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Àrẹ̀mú Róòmù
Mo gbàgbé omi. Ẹ̀rọ omi kéékèèké tí wọ́n ń pè ní nasoni wà káàkiri ìgboro, omi tó mọ́ tó sì tutù ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé ìgò dání. Kí ẹ sì má fẹsẹ̀ rin ohun tí reluwé abẹ́ ilẹ̀ lè gbé yín dé: láìnì A dé Ottaviano fún Vatican, láìnì B dé Colosseo, Termini ni wọ́n ti pàdé. Ẹ jáde láàárọ̀ kùtù, ẹ padà sí hòtẹ́ẹ̀lì tí oòrùn bá mú, ẹ tún jáde nírọ̀lẹ́. Fontana di Trevi (ìsun omi ńlá yẹn), Pantheon (tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì) àti Piazza Navona (gbàgede ńlá kan) ò jìnnà síra wọn, ẹ fi wọ́n sí ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ Ọ̀ṣogbo
Mọ́mì ti ka gbogbo ẹ̀, mo fún wọn ní fóònù, wọ́n ní kí n kí yín, wọ́n ti gbà pé ìsìn àti oúnjẹ alẹ́ nìkan ni bàtà aláwọ wà fún, a máa lọ ra kánfáàsì nírọ̀lẹ́ ọ̀la. Ìbéèrè tó kù ni pé ṣé kí n kó kánfáàsì méjèèjì sínú àpótí tí wọ́n máa gbé sísàlẹ̀ bàálù?

Ọmọ Ìbàdàn Houston
Rárá o, ẹ wọ̀ ọ́ wọ bàálù. Àpótí lè pẹ́ kó tó dé, ẹ ò ní fẹ́ ra bàtà tuntun ní Róòmù kẹ́ ẹ tún máa fi rìn lọ́jọ́ yẹn náà. Ẹ dẹ okùn ẹ̀ díẹ̀ nínú bàálù torí ẹsẹ̀ máa ń wú lórí ìjókòó. Oògùn àtọ̀gbẹ mọ́mì náà, inú báàgì ọwọ́ ni.