Land Rover Series III bàbá mi: pátì wo ni mo lè fọwọ́ ara mi ṣe nílé?

Ọmọ Àgbẹ̀ Èrúwà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ àtijọ́ àti iṣẹ́ irin.

Land Rover Series III kan wà lọ́wọ́ mi, 109 (ínṣì 109 láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn), èyí tó gùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ píkọ́ọ̀pù. Bàbá mi ló rà á nígbà tí ilé iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn ṣì ń to Land Rover pọ̀. Òun la fi ń kó ẹ̀gẹ́ jáde láti oko, torí pé tójò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń gba ojú ọ̀nà wa kọjá. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù rẹ̀ ṣì ń dún dáadáa. Ara rẹ̀ náà ṣì mọ́, nítorí alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Abẹ́ ni wàhálà wà. Irin ìdábùú tó parí ṣáásì (egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró) lẹ́yìn ti jẹrà débi pé ìka ń wọ inú rẹ̀. Apá ṣáásì kan lápá òsì, tó gbé ara ọkọ̀ dúró, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Mo ti dé ọjà Àráròmi ní Gate n'Ìbàdàn, mo ti dé Owódé Onírin l'Ékòó. Pátì Toyota kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ti Series ló ṣọ̀wọ́n, èyí tí mo sì rí ti dógùn-ún ju tèmi lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣe é fúnra mi. Mo ní ẹ̀rọ wẹ́dì kékeré onínfátà, gírándà, dírìlì àti fáìsì ńlá kan, mo sì kọ́ wẹ́dì díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ tẹkiníkà.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n ṣe irin ìdábùú ẹ̀yìn tuntun tó ní ìkọ́ tí màá fi fa tírélà kékeré, kí n ṣe bọ́ńpà ẹ̀yìn tó máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì àti sípíà táyà, kí n sì ṣe àpótí bátìrì. Mo tún rí sípíríǹgì típà àlòkù kan tí mo fẹ́ gé kí n wẹ́dì sí abẹ́ ọkọ̀ náà, kó lè ga sí i nínú ẹrẹ̀. Ọ̀pá sítíárìn tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀ náà ti tẹ̀, mo fẹ́ gé ibẹ̀ kí n wẹ́dì rẹ̀ padà.

Èwo ni kí n ṣe nínú wọn, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Irú irin wo ni kí n rà? Ẹ ṣé o.

Jórinjórin Mọ́níyà:

Ẹ kú ìtọ́jú ohun tí bàbá yín fi sílẹ̀. Irin ìdábùú ẹ̀yìn, apá ṣáásì, bọ́ńpà, àpótí bátìrì, gbogbo wọn ni ẹ lè ṣe nílé. Sítíárìn àti sípíríǹgì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Kí ẹ tó gé nǹkan kan, ẹ wọ gíláàsì ojú, ẹ mú òòlù kékeré wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ máa lu ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó ṣì le á dún gooro, òòlù á sì ta padà lọ́wọ́ yín. Èyí tó ti jẹrà á dún bí ìgbà tèèyàn lu páálí, ìpáàrà á sì máa já bọ́. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibi tó bá ti dún bẹ́ẹ̀. Ṣáásì Series, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n wẹ́dì pọ̀ bí àpótí. Omi àti ẹrẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, inú ló sì ti ń jẹrà bọ̀ síta. Nítorí náà, ihò tí ẹ rí lóde kéré sí ìbàjẹ́ tó wà nínú. Ibi tí irin líle bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ gé dé. Tẹ́ ẹ bá wẹ́dì irin tuntun mọ́ èyí tó ti jẹrà, ẹ ó kàn máa jó ihò síbẹ̀ ni.

Ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ fi igi tàbí irin gbé ṣáásì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ wá fi tépù wọn ọ́n láti igun ọ̀tún iwájú dé igun òsì ẹ̀yìn, kí ẹ sì wọn èyí tó dábùú rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ṣáásì ti wọ́ nìyẹn, ẹ sì ní láti mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wẹ́dì angle iron kan sáàárín irin gígùn méjèèjì, níwájú ibi tí ẹ ó gé. Ìgbà tẹ́ ẹ bá parí ni ẹ ó gé angle iron yẹn dànù. Láìsí i, bẹ́ ẹ bá ti yọ ìdábùú ẹ̀yìn, ṣáásì lè sún mọ́ra tàbí kó ya, ara ọkọ̀ ò sì ní bá ihò bóòtù rẹ̀ mu mọ́.

Irin tẹ́ ẹ ó rà ni pélétì mílímítà 3. Ẹ má rà á kí ẹ tó fi páálí gé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Páálí ìndómì dára púpọ̀. Ẹ gé e, ẹ ká a, ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ tún un gé títí tó fi máa jókòó, kó tó di pé ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán rẹ̀ sórí irin.

Rọ́ọ̀dù wẹ́dì 6013 gééjì 12, ìyẹn mílímítà 2.5, ló tọ́ sí i, láàárín áńpì (amp) 60 sí 90. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I better pass my neighbour ò lè gbé e o. Tó bá jẹ́ àsìkò òjò, ẹ tọ́jú rọ́ọ̀dù síbi gbígbẹ, torí èyí tó bá ti gba ọ̀rinrin á máa tú, wẹ́dì rẹ̀ á sì ní ihò wẹ́wẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi wẹ́dì tó-tó-tó, díẹ̀díẹ̀ níbi mélòó kan, mú gbogbo rẹ̀, ẹ tún un wọn, kí ẹ wá máa jó o díẹ̀ lápá ọ̀tún, díẹ̀ lápá òsì. Ẹni tó bá jó ẹ̀gbẹ́ kan tán lẹ́ẹ̀kan, iná á fa irin yẹn wọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: táǹkì epo píkọ́ọ̀pù Series wà lábẹ́ àga iwájú. Ẹ tú u kúrò, kí ẹ gbé e jìnnà. Táǹkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, torí èéfín epo ló ń gbiná. Kí ẹ tún yọ orí bátìrì àti wáyà alternator kí ẹ tó tan ẹ̀rọ wẹ́dì. Ibi tí ẹ ń jó gan-an ni kí ẹ so wáyà áàsì (earth) ẹ̀rọ wẹ́dì mọ́, kí iná má gba inú bíárìn kọjá.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ̀gbọ́n Jórinjórin ti sọ̀rọ̀. Ti sípíríǹgì típà ni mo fẹ́ dá sí. Ìdílé wa ti ń fi sípíríǹgì àlòkù rọ àdá àti ọkọ́ látọjọ́ pípẹ́, mo mọ irin náà dáadáa. Ohun tó mú kó dára fún àdá ni pé iná àti omi máa ń mú un le. Ohun kan náà ló mú kó burú fún wẹ́dì. Etí ibi tẹ́ ẹ bá wẹ́dì á gbóná gan-an, á tutù kíá, á wá gan bí àwo. Kò ní tẹ̀ kó tó dá, kò ní kìlọ̀. Tó bá dá nígbà tí ẹ kó ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn, ọkọ̀ á dojú kọ igbó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ga, ẹ wá sípíríǹgì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí kí ẹ wọ táyà tó ga díẹ̀ tí kò ní fara kan ara ọkọ̀.

Awakọ̀ Òkè Ògùn:

Ẹ jọ̀wọ́, mi ò fara mọ́ ọn pé ọ̀pá sítíárìn kò ṣeé wẹ́dì rárá. Ọ̀pá sítíárìn ọkọ̀ tí mo ń wà lóko, wọ́n wẹ́dì rẹ̀ tipẹ́, ó ṣì ń lọ. Owó ló ń wọ́n wa. Ẹni tí kò rí tuntun rà ńkọ́?

Bàbá Tọ́nà, Mushin:

Awakọ̀, mo gbọ́ ẹ. Òótọ́ ni pé owó ṣòroó rí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá yẹn ló so táyà iwájú méjèèjì pọ̀. Tó bá já, táyà kan á dojú kọ ọ̀tún, èkejì á dojú kọ òsì, ohunkóhun tó o bá sì fọwọ́ ṣe lórí sítíárìn, kò ní dá a dúró. Wẹ́dì tó dáa lójú lè ti sán nínú, ojú wa ò sì lè rí i. Àwọn èèyàn ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ oko, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tú tìrẹ wò lọ́la, ọmọ mi, kí o wá òmíràn.

Ọmọ Àgbẹ̀, ọ̀pá yẹn ṣeé wá láti ara ọkọ̀ àlòkù mìíràn tó jẹ́ Series. Kò ṣọ̀wọ́n tó ṣáásì, torí ìpáàrà kì í tètè jẹ ẹ́. Orí bọ́ọ̀lù ìdí rẹ̀ ni kó o ra tuntun.

Iṣẹ́ tó o lè gbé wá bá tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ni àwọn páìpù kékeré tó ń wọ inú ṣáásì níbi tí bóòtù ti ń kọjá, kí irin má baà fún pọ̀ bó o bá ń dè é. Ìṣẹ́jú díẹ̀ la fi ń gbẹ́ ìyẹn. Tún ṣọ́ bóòtù. Ọ̀pọ̀ bóòtù Series III, UNF ni, ìyẹn oríṣi bóòtù tí wọ́n fi ínṣì wọ̀n, sípánà onínṣì ló ń dè é. Bóòtù Toyota lè fẹ́ wọ inú rẹ̀, á yí bíi lẹ́ẹ̀mejì, á wá há. Má fi tipá yí i, á jẹ ojú ẹnu rẹ̀. Wo orí bóòtù kó o tó rà á. Èyí tó ní ìlà mẹ́ta ni grade 5, ìlà mẹ́fà ni grade 8, ìyẹn ìpele bó ṣe lágbára tó. Ti mílímítà, wá èyí tí wọ́n kọ 8.8 sí. Èyí tí orí rẹ̀ dán láìsí àmì, fi de àpótí bátìrì. Má fi de ìkọ́ tírélà.

Ẹnì kan á sọ fún ẹ pé Ṣakí, níbi tí wọ́n ti ń rọ ìkòkò alumíníọ̀mù, lè bá ẹ rọ pátì. Wọ́n lè rọ orí ọ̀pá jíà àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, yóò sì rẹwà. Má fi ṣe ohun tó máa gbé ẹrù, torí atẹ́gùn máa ń há sínú irú irin bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Birmingham:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ibi tí mò ń gbé kò jìnnà sí Solihull, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Land Rover lọ́dún 1948. Ọkọ mi ní Series kan, èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un, mo sì ti wá ń wẹ́dì fúnra mi.

Lọ́dọ̀ wa níbí, wọ́n ń ta irin ìdábùú ẹ̀yìn tí wọ́n ti ṣe tán, tó ní ẹsẹ̀ méjì tó ń bo irin gígùn ṣáásì, kí wẹ́dì má wà lójú kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe tiyín ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ẹnu kan ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ó bo irin tó le dáadáa, kí ẹ jó etí rẹ̀ yípo. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ wálé nínú kọ̀ǹténà, ó ṣeé fi ránṣẹ́, ó kàn wúwo ni.

Ẹ má yí ìrísí ṣáásì padà kúrò bó ṣe wà. Ní Britain, kí wọ́n tó yí òfin náà padà lọ́dún 2025, ọkọ̀ tí wọ́n bá ti yí ṣáásì rẹ̀ padà lè pàdánù nọ́ńbà àtijọ́ rẹ̀, kí wọ́n fún un ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q, iye owó rẹ̀ á sì jábọ́. Kì í ṣe òfin Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ bàbá yín tọ́ sí kó máa jẹ́ ohun tó jẹ́. Nọ́ńbà ṣáásì wà níwájú lápá ọ̀tún, níbi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ọn. Ẹ yà á ní fọ́tò, kí gírándà má ṣe débẹ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀ Èrúwà:

Mo dúpẹ́ gan-an, Bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti gbé sípíríǹgì típà kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, màá sì wá ọ̀pá sítíárìn. Ìbéèrè méjì ló kù. Páìpù omi àtijọ́ tí wọ́n fi zinc bò wà nílé, ṣé mo lè fi ṣe bọ́ńpà? Báwo ni bọ́ńpà náà á ṣe bá ara alumíníọ̀mù gbé pọ̀?

Jórinjórin Mọ́níyà:

Páìpù yẹn ṣeé lò, ṣùgbọ́n ẹ fi gírándà họ zinc rẹ̀ kúrò dáadáa níbi tí ẹ ó jó, kí ẹ sì ṣe é níta gbangba. Èéfín funfun rẹ̀ máa ń fa ibà lóru. Mílíìkì tí àwọn oníṣẹ́ máa ń mu sí i kì í dí i lọ́wọ́. Tí owó bá wà, square pipe dúdú ló dáa jù.

Omi kẹ́ẹ̀gì lítà 20 jẹ́ kílò 20. Méjì pẹ̀lú táyà, ẹrù gidi nìyẹn, ẹ̀yìn pátápátá ló sì kọ́ sí, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá já sí á tún fà á sísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ bọ́ńpà gùn dé ara irin gígùn ṣáásì, kó má jẹ́ pé ojú irin ìdábùú nìkan ló so mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkọ́ tírélà: ẹ fi pélétì nínípọn sí ẹ̀yìn ìdábùú, kí bóòtù kọjá nínú méjèèjì.

Ti alumíníọ̀mù, ẹ ò lè fi ẹ̀rọ yín wẹ́dì rẹ̀, ríbẹ́ẹ̀tì tàbí bóòtù ni ẹ ó lò. Tí irin bá fara kàn án tí omi sì wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù ló ń jẹrà, á di ìyẹ̀fun funfun. Ẹ kun méjèèjì, kí ẹ gé rọ́bà tiúbù táyà sáàárín.

Ìyá Ìbejì, Birmingham:

Kí ẹ tó dí irin ìdábùú náà pa, ẹ kun inú rẹ̀ ní red oxide (ọ̀dà tó ń dènà ìpáàrà). Tí gbogbo wẹ́dì bá tutù tán, ẹ wá fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù fọ́n inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan bírékì tàbí rọ́bà búúṣì. Ẹ lu ihò mílímítà 10 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí omi tó bá wọlé lè rí ibi jáde.