Ìtàn ìjọ Presbyterian wa l'Abẹ́òkúta: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí sì ni kí n fò?

Aláàdìrẹ Ìtòkú
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, inú Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló mú mi dé Presbyterian. Ọmọ Kàlàbá ni bàbá àwọn ọmọ mi. Ìjọ wa kò tóbi: bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ lè ka gbogbo wa láìdìde lórí àga. Ayẹyẹ àjọ̀dún ń bọ̀, Sẹ́ṣọ̀n, ìyẹn ìgbìmọ̀ àlùfáà àti àwọn alàgbà ìjọ, wá ní kí n kọ ìtàn ìjọ ní Yorùbá, torí pé èmi nìkan ni mo lè ka Bíbélì Yorùbá já geere nínú gbogbo ìgbìmọ̀.

Mo ti gbà á o. Àmọ́ iṣẹ́ ọ̀hún nira. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá ìjọ yìí sílẹ̀, wọ́n gbé wọn wá láti Kàlàbá, Òháfíà àti Àfikpò. Bí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, wọ́n á palẹ̀ mọ́, ó di ilé. Àwọn agùnbánirọ̀ ní tiwọn, kí a tó mọ orúkọ wọn tán, ọdún ti pé. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa ni ìwé mínítì Sẹ́ṣọ̀n tí ikán ti jẹ létí, ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n ṣèrìbọmi fún, àti fọ́tò kan tí wọ́n yà nínú kíláàsì tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń jọ́sìn. Ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé ṣì wà lójú pátákó lẹ́yìn wọn. Gbogbo wọn ló múra bí ẹni ń lọ ọ́fíìsì, àfi obìnrin kan ní igun tó ró àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìbàdàndùn ni àrà rẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo mọ ohun tí wọ́n fi ìyẹ́ ya yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi páànù tẹ̀, ìyẹ́ ni wọ́n fi ya eléyìí. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ obìnrin náà.

Ìbéèrè mi nìyí. Alága ìgbìmọ̀ ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti Kàlàbá ní 1846, nígbà tí Hope Waddell, oníwàásù Presbyterian, gúnlẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, nígbà tó jẹ́ pé Abẹ́òkúta la wà? Èkejì, àwọn kan fi ìbínú kúrò láàárín wa nígbà kan, lórí ilẹ̀ tí a fẹ́ rà. Alága ní kí n fò ó. Ọkàn mi kò gbà.

Ọmọ Lafenwa
Presbyterian l'Abẹ́òkúta kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kàlàbá nìyẹn? Ta ni yóò wá ka ìtàn rẹ̀ ní Yorùbá? Ẹ má bínú o, mo kàn ń bèèrè ni.

Aláàdìrẹ Ìtòkú
Mi ò bínú. Àwọn ọmọ mi ni yóò kà á. Bó bá sì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì àlejò ni, ṣé abẹ́ Olúmọ ni wọ́n ti wú Áńgílíkà jáde ni?

Bàbá Ìgbéìn
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sí ti abẹ́ Olúmọ yẹn. Áńgílíkà ni mí, mi ò sì rí ibi tí o ti parọ́.

1846 tí alága yín ń sọ yẹn, ọdún yẹn náà ni Townsend àti Crowther, àwọn oníwàásù Áńgílíkà, wá fìdí kalẹ̀ l'Abẹ́òkúta, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Waddell dé Kàlàbá. Òyìnbó kọ́ ló sì ṣílẹ̀kùn fún wọn níbí. Àwọn Sàró ni, ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n padà wálé láti Freetown. Àwọn ló ránṣẹ́ pe oníwàásù. Fi Kàlàbá àti Abẹ́òkúta sí ojú ewé kan náà, kó o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

Ti ìjà ilẹ̀ yẹn ló ká mi lára. Ní 1867 wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò l'Abẹ́òkúta, wọ́n kó ẹrù ilé ìjọsìn, Ìwé Ìròyìn tí Townsend ti ń tẹ̀ láti 1859 sì parí síbẹ̀. Ìfọ́lé la ń pè é títí dòní. Ṣé a fò ó? Òun gan-an la fi mọ̀ pé àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ lè dá ìsìn ṣe láìsí òyìnbó. Kọ ìjà yín sílẹ̀, àmọ́ má dájọ́. Kọ ọdún tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, ibi tí wọ́n gbà lọ. Ta ló bú ta, fi ìyẹn sílẹ̀. Kó o sì rí i pé o bá àwọn tó kúrò náà sọ̀rọ̀.

Má gbàgbé ìwé ètò ìsìnkú. Mo máa ń kó wọn jọ, ìyàwó mi ní àìsàn ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ ọdún tí olóògbé dé ìlú, ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Alàgbà
Ìjẹ̀bú ni mí, àmọ́ Kàlàbá ni wọ́n ti tọ́ mi, nínú Presbyterian. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ti Bàbá. Kàlàbá náà ní irú Sàró tiwọn. Láti Jàmáíkà ni Waddell ti wá. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó bọ́ lóko ẹrú níbẹ̀ ní 1838 wà lára àwọn tó ní kí ìhìn rere dé ilẹ̀ baba àwọn, àwọn ọmọ Jàmáíkà sì bá a wọkọ̀ wá. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé.

Ẹ tún wo orúkọ ìjọ náà: Presbyterian Church of Biafra ni tẹ́lẹ̀, ó di ti Eastern Nigeria ní 1952, ó tó di ti Nàìjíríà ní 1960. Apá ìlà-oòrùn yẹn ni púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn wà nígbà náà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àṣìṣe pé ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Anti mi, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé Presbytery, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn ìjọ agbègbè. Ìwé mínítì Sẹ́ṣọ̀n yẹ kó máa dé ọ̀dọ̀ wọn fún àyẹ̀wò, ohun tí ikán jẹ lọ́dọ̀ yín lè ní àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Lórí ti pé kí ẹ fò ó: a kò ní bíṣọ́ọ̀bù, a kò sì ní ọba alága. Àlùfáà àti àwọn alàgbà tó jókòó ní Sẹ́ṣọ̀n ló ń pinnu. Ẹ kọ ọ́ tán, kí ẹ gbé e ka iwájú wọn.

Aláàdìrẹ Ìtòkú
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọmọ Alàgbà, Ọlọ́run á bá wa bù kún yín. Ti Jàmáíkà yẹn, alága wa gan-an kò mọ̀ ọ́n, èmi ni n ó sì kọ́kọ́ sọ fún un.

Ọmọ Lafenwa
Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ni ìsìn yín? Ará Àfikpò ni ìyàwó àbúrò mi, ó ti pẹ́ tó ti ń wá irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀.

Aláàdìrẹ Ìtòkú
Aago mẹ́sàn-án. Òyìnbó la fi ń ṣe é, àmọ́ bó bá di ìgbà ọrẹ, orin Ẹ̀fíìkì, Igbo àti Yorùbá ló ń já lu ara wọn. Kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ítòkú, n ó júwe ọ̀nà fún un.