Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀: èsì mi lórí “ìyọsóde òrùlé”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò wa nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ọ̀yọ́, tó ń kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ilé kíkọ́ jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bi wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ká máa pe apá òrùlé tó nà kọjá ògiri. Àwọn fúnra wọn dábàá “ìyọsóde òrùlé”. Ẹnì kan ní “ìbòòji ilé” ló yẹ kó jẹ́, torí oòrùn ni wọ́n ṣe ń nà án. Ẹlòmíràn ní ká kúkú lo kọ̀bì, ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi.

“Ìyọsóde” kò ní àléébù ní ti gírámà. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lójú títì tó ń wo ilé ló lè dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Eyín ń yọ sóde, ìdodo ń yọ sóde, gbòǹgbò igi náà ń yọ sóde. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ohun tí etí òrùlé ń ṣe fún ẹni tó ń gbé abẹ́ rẹ̀.

Ilé alámọ̀ ni wọ́n bí mi sí, páànù ti rọ́pò koríko lórí rẹ̀ kí n tó dé ayé. Bí òjò bá ti ṣú, ìyá àgbà á ti máa pariwo pé ká tètè gbé ìkòkò sí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ibo nìyẹn. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni omi tó ń ya sílẹ̀ láti etí òrùlé, òun náà sì ni ojú ibi tí omi ọ̀hún ń bọ́ sí, tó máa ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ìlà tóóró yí ilé ká. Láàárọ̀, bí a bá ń gbálẹ̀, “ẹ gbá a dé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀” ni àṣẹ tí wọ́n ń pa fún wa. Ọmọ tó bá ṣì wà lẹ́yìn ìlà yẹn, òjò ń pa á. Tó bá ti kọjá rẹ̀ sínú, ó ti délé, bí kò tilẹ̀ tíì kan ilẹ̀kùn. Bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé kan bá sì ń ya sínú àgbàlá ẹlòmíràn, ìjà ti dé nìyẹn. Mo rí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ní kékeré, ó dé iwájú baálé.

Ibi tí òrùlé parí sí gan-an, etí òrùlé là ń pè é, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní etí odò, etí aṣọ, àti etí fìlà abetí-ajá. Lábẹ́ rẹ̀ lókè, níbi tí igi òrùlé ti gun orí ògiri, tí àwọn bàbá wa ń há ọ̀bẹ àti ìwé owó-orí sí, párá nìyẹn. Ààyè tí a ń tẹ́ ẹní sí nísàlẹ̀ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nǹkan mẹ́rin, orúkọ mẹ́rin, tí kò sí ọ̀kan tó ṣòro pè nínú wọn. “Ìyọsóde òrùlé” fẹ́ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò kan. Ọmọ tó bá kọ́ ọ nínú ìwé yóò rò pé Yorùbá kò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ní ti “ìbòòji”, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní ìwọ̀n dígírì bí 8 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń tẹ̀ sí gúúsù, etí òrùlé tó bá nà tó sẹ̀ǹtímítà 60 á sì fi òjìji bo bíi mítà 1 lára ògiri tó kọjú sí i. Ṣùgbọ́n oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé tààrà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, amọ̀ kò bẹ̀rù oòrùn, oòrùn ló ń mú un le. Òjò ló bẹ̀rù. Òjò tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lu ìdí ògiri, tí kò sì sí ohun tó dí i, kì í pẹ́ jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi ń sọ òrùlé koríko kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà fi ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣókùnkùn nínú ilé; wọ́n fara mọ́ òkùnkùn náà kí ògiri lè dúró.

Kọ̀bì ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Samuel Johnson, àlùfáà tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ka kọ̀bì mọ́ ohun tí a fi ń dá ààfin ọba mọ̀ yàtọ̀ sí ilé ará ìlú. Àbáwọlé tó yọ síwájú ni, tó ní òrùlé tirẹ̀. Láyé àtijọ́, koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ààfin Ọ̀yọ́ pàápàá ní ọdún ìbílẹ̀ tirẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣe, tí àwọn ìlú á máa ru ú wá fún Aláàfin. A kò lè mú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ orí ilé oníyàrá méjì ní Sábó.

Ohun kan tún mú ọkàn mi le. Àwọn tó jìnnà sí wa náà, omi ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Òfin àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ stillicidium, ìyẹn omi tó ń kán bọ́ sílẹ̀ láti orí òrùlé, wọ́n sì ṣòfin lórí ẹ̀tọ́ onílé láti jẹ́ kí tirẹ̀ bọ́ sórí ilẹ̀ aládùúgbò. Ẹ ò rí i pé ẹjọ́ iwájú baálé náà ni. Eavesdrop ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kó tó di ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń yọ́ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ilẹ̀ tí omi etí òrùlé ń kán sí ni. Ẹni tó lọ dúró lórí ilẹ̀ yẹn láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé ni orúkọ náà lẹ̀ mọ́ lára. Kì í ṣe pé ká wò wọ́n ṣe; òjò kan náà ló kọ́ gbogbo wa. Ní Ṣáínà, gbọ̀ngàn kan wà ní tẹ́ḿpìlì Foguang tí wọ́n fi igi kọ́ ní 857. Etí òrùlé rẹ̀ nà kọjá ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4, lórí igi kúkúrú-kúkúrú tí wọ́n tò gun ara wọn lórí òpó. Ó ṣì wà lórí ìdúró dòní.

Níbi tí a ti nílò ọ̀rọ̀ tuntun lóòótọ́ ni ilé tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù kí iná ńlá ọdún 1666 tó jó o, àwọn ilé onígi máa ń yọ àjà òkè síta sórí títì, títí ilé ọ̀tún àti ti òsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ forí kanra. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1667 ní kí wọ́n máa fi bíríkì tàbí òkúta kọ́lé. Àwa náà ń ṣe é báyìí: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó gba ojúlé sí i lókè, tí kóńkéré rẹ̀ dúró sórí afẹ́fẹ́ láìsí òpó nísàlẹ̀. Kò sí orúkọ kan tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà fún èyí. Mo kọ́kọ́ gbèrò “àkọ́yọ”, ohun tí a kọ́ tó yọ. Mo jù ú nù, torí ẹni tó bá kà á á gbọ́ “àkọ́” inú àkọ́bí, á sì rò pé èyí tó kọ́kọ́ yọ ni.

“Àjà ayọjú” ni àbá mi. Ẹni tó wà lókè ilé tó na ọrùn síta láti wo ẹni tó ń kọjá, ohun tó ṣe ni pé ó yọjú. Ilé náà ń yọjú sí títì. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní ó sún mọ́ ayọjúràn jù. Mo ti rò ó. Ọ̀rọ̀ méjì lè ní ìyá kan náà kí ìwà wọn má dọ́gba, “àjà” tó ṣáájú rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó ṣini lọ́nà. Bó bá gùn lẹ́nu, ẹnu yóò gé e fúnra rẹ̀: ìlú tí mo wà yìí náà, nínú orúkọ tó jẹ mọ́ ẹni tó gbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun ayé àtijọ́, ló ti jáde wá.

Àbúrò wa kan pe pẹpẹ kóńkéré kékeré tí wọ́n ń yọ sórí fèrèsé ní “ìpéǹpéjú fèrèsé”. Ìyẹn wù mí púpọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju àbá èyíkéyìí lọ ni àwọn ilé tuntun tó ń hù káàkiri ìlú wa. Wọ́n ń mọ ògiri ga ju òrùlé lọ, páànù á fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, omi á gba inú gọ́tà àárín. Àwọn bíríkìlà ń pè é ní párápẹ́ẹ̀tì. Ilé bẹ́ẹ̀ kò ní etí, kò ní ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Mo gbé nínú ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta. Ewé dí gọ́tà, omi gba ògiri sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dà ṣí bí awọ ejò, àwọn ọmọ mi kò sì rí ibi gbé ìkòkò sí lọ́jọ́ òjò. Nígbà tí mo sọ “ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀” létí àbígbẹ̀yìn mi, ó ní kí ni ìyẹn. Mo ní láti mú un lọ sílé àwọn ìyá mi kí n tó lè fi hàn án.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ gba tèmi, ẹ kọ etí òrùlé fún ibi tó parí sí àti fún apá tó nà jáde, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ dúró fún omi àti ojú ibi tó ń bọ́ sí, kí àjà ayọjú sì wà fún ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ bá mi bi àwọn káfíńtà àgbà lọ́dọ̀ yín ní Ọ̀yọ́ ohun tí wọ́n ń pe igi gbọọrọ tí wọ́n ń kàn mọ́ etí òrùlé yípo. Níbí, fésíà ni gbogbo wọn ń pè é, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ kan wà kí fésíà tó dé.