Omi nídìí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun: níbo ló ti ń jò?

Ẹ má tíì tú u o. Èmi àti ọmọ àbúrò mi la jọ to tiwa. Kò mì, kò wọ́, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí táìlì. Ilẹ̀ mọ́, omi ti wà nídìí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wò ó ló ń sọ ohun kan náà: "Ìda ìsàlẹ̀ ni, ẹ gbé e dìde." Ìda roboto tó wà láàárín ìdí ìjókòó àti ẹnu páìpù ẹ̀gbin ni wọ́n ń wí, èyí tí kì í jẹ́ kí omi àti òórùn gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti gbé ìjókòó kúrò lórí ìda tó ti tẹ̀, ó di dandan kí ẹ ra òmíràn. Mo ní ká ṣe sùúrù ná.

A fi àkísà nu gbogbo ara rẹ̀ gbẹ, títí dé ẹ̀yìn níbi tí ọwọ́ kì í sábà dé. A tẹ́ tíṣù yí ìdí rẹ̀ ká, a wé díẹ̀ mọ́ àwọn bóòtù tó so tánkì mọ́ ìjókòó, àti mọ́ ibi tí páìpù omi ti wọ tánkì. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó tẹ omi rárá. A kàn ń wò ó.

Ìdí ni pé àsìkò tí omi bá jáde ló ń tú àṣírí ibi tó ti wá. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ omi nìkan ló ń yọ nísàlẹ̀, ẹ fura sí ìda. Tó bá ń kán nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lò ó, omi inú tánkì tàbí ti páìpù tó ń gbé omi wá ni ẹ máa kọ́kọ́ wò.

Tíṣù abẹ́ bóòtù kan ló tutù. Omi ń rọra gba abẹ́ ìjókòó lọ sẹ́yìn, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni pé ìsàlẹ̀ ló ti wá! Rọ́bà wáṣà inú tánkì ló tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A ti omi pa, a gbọ́n tánkì gbẹ, a tún wáṣà náà tò, a sì ń de bóòtù díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì. Amọ̀ sísun ni tánkì, kì í ṣe irin. Ẹni tó bá fi agbára dè é, tó bá gbọ́ "kẹ́rẹ́", tánkì tuntun ló kàn.

—

Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Ní tiwa, ìda ni lóòótọ́. Tí a bá tẹ omi nìkan ló ń jò, ó ń rùn, ìjókòó náà sì ń mì. Wọ́n ti to táìlì tuntun lé ti àtijọ́, ni ẹnu páìpù bá di kòtò, ìda ò kàn án dáadáa mọ́. Púlọ́ńbà fi òrùka kan gbé e ga, ó fi ìda tuntun sí i, ó ki ike pẹlẹbẹ bọ abẹ́ ibi tí kò dọ́gba. Nígbà tó ń fi gọ́ọ̀mù yí ìdí rẹ̀ ká, ó fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó ní tó bá tún jò, kí omi rí ọ̀nà jáde ká lè tètè rí i, kó má baà jókòó sábẹ́ máa ba ilẹ̀ jẹ́.

—

Kì í ṣe gbogbo omi ilẹ̀ ló jò o. Tiwa ń làágùn ni: omi tútù nínú tánkì, ooru nínú yàrá. Tíṣù ò lè yanjú ìyẹn, torí gbogbo ara tánkì ló ń tutù. A wá po aró tí wọ́n fi ń pa oúnjẹ láró sínú tánkì. Omi tó ń kán sílẹ̀ mọ́ gaara, nítorí náà kì í ṣe inú tánkì ló ti wá. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, omi inú ìjókòó di aláró, bẹ́ẹ̀ a ò tẹ omi! Rọ́bà tó ń dí ihò ìsàlẹ̀ tánkì ni kò dí i dáadáa. Omi ń sá lọ, òmíràn tó tutù ń wọlé, ara tánkì ò sì fìgbà kan gbóná. A pààrọ̀ rọ́bà náà, òógùn dínkù gan-an. Tí ooru bá mú jù, ó ṣì máa ń là á díẹ̀.