Ọ̀fìnkìn ti lọ, àyà ṣì ń súfèé: ìbéèrè láti Ogbómọ̀ṣọ́

Ìyá Ìbejì (Leeds, nílé lọ́wọ́lọ́wọ́):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Láti ilé ìyá mi ní Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ èyí. Mo ní ikọ́ fée (asthma) láti kékeré, ṣùgbọ́n kò yọ mí lẹ́nu mọ́ títí mo fi délé lóṣù Kejìlá, tí ọ̀fìnkìn ràn mí lára àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀fìnkìn náà kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún báyìí, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àyà mi a bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ikọ́ a sì jí mi lóru. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra oògùn apakòkòrò, kò ràn án. Ìyá mi ní òtútù ló wọ̀ mí lára, wọ́n sì ń fún mi ní àgbo. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń padà. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Àdùkẹ́ (Glasgow):
Ẹ kú ara líle. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè: ìnhélà (oògùn tí a ń fà sínú láti ẹnu) wo lẹ ń lò, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni lóòjọ́?

Ìyá Ìbejì:
Aláwọ̀ búlúù nìkan ni mo gbé wálé, ẹ̀gbọ́n, mo sì ń fà á tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Mo ti pa aláwọ̀ búráwùn tì láti ìgbà tí ara mi ti dá.

Bàbá Àdùkẹ́:
Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Fáírọ́ọ̀sì tó fa ọ̀fìnkìn ti lọ, ṣùgbọ́n inú òpó èémí yín tó wú nítorí rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀. Lára ẹni tí kò ní ikọ́ fée pàápàá, irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Búlúù kàn ń tú iṣan tó fún òpó náà pọ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin ni. Búráwùn ló ń mú wíwú náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojoojúmọ́ la sì ń lò ó, bí ara dá bí kò dá, kí a sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn apakòkòrò kì í pa fáírọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹ má ra ẹ̀kẹta.

Ẹ má dúró di Leeds. Ẹni tó bá ń fa búlúù tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ikọ́ fée rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́; ẹ̀yin ń fà á lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Yunifásítì LAUTECH àti Bowen ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ẹ lọ sí èyí tó bá súnmọ́ yín, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn agbára èémí yín. Bí búlúù kò bá gbé yín tó wákàtí mẹ́rin mọ́, tàbí tí ẹ kò lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí gúlegúle, pàjáwìrì nìyẹn: ẹ jókòó nàró, ẹ máa fà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹwàá, bí ọkọ̀ ti ń gbé yín lọ.

Bí kò bá sí spacer, ìyẹn ike tí a ń fi sẹ́nu ìnhélà kí oògùn lè dé àyà dáadáa, ẹ dá ihò sí ìdí ìgò omi oníke ìdajì lítà, kí ẹnu ìnhélà há sínú rẹ̀ pinpin, kí ẹ sì máa mí oògùn náà sínú láti ẹnu ìgò. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn ọmọdé ní Gúúsù Áfíríkà, ó sì ṣiṣẹ́. Èéfín igi àti kọ́ìlì ẹ̀fọn ni kí ẹ sá fún jù. N kò ní bá Màmá jiyàn lórí òtútù, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó tutù tó sì gbẹ a máa fún òpó èémí pọ̀ lóòótọ́.

Àǹtí Ṣadé (London):
Láti ìgbà tí GSK, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìnhélà, ti kéde lọ́dún 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà ni ìnhélà ti wọ́n nílé. Ẹni tó bá ń lọ, kí ó kó tirẹ̀ sínú báàgì ọwọ́, nínú páálí rẹ̀. Ní England, ikọ́ fée kò sí lára àìsàn tí a kì í sanwó oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba oògùn méjì lóṣooṣù, kí ó ra ìwé ẹ̀rí ọlọ́dọọdún (prepayment certificate) tí a fi ń san owó oògùn sílẹ̀. Ẹ má bi Bàbá Àdùkẹ́, wọn kì í sanwó ní Scotland.

Ìyá Ìbejì:
Mo lọ lánàá. 280 lítà ní ìṣẹ́jú kan ni ẹ̀rọ tó ń wọn agbára èémí kà. 420 ni mo máa ń fẹ́ ní Leeds. Wọ́n fún mi ní prednisolone, oògùn oníhóró tó ń mú wíwú wálẹ̀, ti ọjọ́ márùn-ún àti búráwùn, wọ́n sì ní kí n sún ìrìnàjò síwájú títí wọn yóò fi tún un wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ikọ́ jí mi lóru. Màmá ti gbé ààrò lọ sẹ́yìn ilé. Àgbo nìkan ni wọn kò tíì gbà kí n fi sílẹ̀.