Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀rù tíṣà ń gba ìṣirò kúrò lórí ọmọ mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, wà ní JSS 1 n'Íbàdàn. Ní tààmù àkọ́kọ́, ó gba 17 nínú 20 nínú ìṣirò. Olùkọ́ ìgbà yẹn a máa pè é ní "Ìyá Oníṣirò", inú ẹ̀ a sì máa dùn. Tíṣà tuntun dé, máàkì já sí 6.

Bẹ́ẹ̀, tí mo bá bi í ní 7 lọ́nà 8 níbi tó ti ń fọ abọ́, á dá mi lóhùn láìgbójú sókè. Ní kíláàsì ńkọ́? Tí tíṣà tuntun yìí bá ti fi rúlà gbá tábìlì báyìí, gbogbo ẹ̀ á fò lọ. Ìbẹ̀rù ti gba àyè tó yẹ kó fi ronú. Inú rírun náà ti dé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan, ọjọ́ ìṣirò!

Bàbá ẹ̀ ní ká pààrọ̀ iléèwé. Owó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ san ńkọ́? Mo fẹ́ lọ bá tíṣà náà sọ̀rọ̀, àmọ́ kó má lọ kanra mọ́ ọmọ mi. Ẹ̀yin tíṣà, báwo lẹ ṣe máa fẹ́ kí òbí gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá bá yín? Àbí kí n kọ́kọ́ rí ọ̀gá àgbà?