Ẹ̀yin tí ẹ ti yí orúkọ padà lórí àkáǹtì gémù, báwo ló ṣe rí?

Ṣẹ́gun Ìgbọ̀nà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ilé-ìwé girama ni mo ti ń jẹ́ orúkọ kan lórí PlayStation, ẹ̀rọ gémù yẹn, orúkọ ọmọdé gbáà. Mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, àwọn tí a jọ wà níbi iṣẹ́ sì ní ká jọ máa gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ lálẹ́. Orúkọ yẹn kò ṣe é fi han ọ̀gá ẹni. Ẹni tó ti yí tirẹ̀ padà ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: ṣé trophy mi, àwọn àmì-ẹ̀yẹ tí mo ti gbà nínú gémù, ò ní lọ? Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ mi á ṣì mọ̀ pé èmi ni?

Báyọ̀ Pádì Méjì:
Yí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Akin Alẹ́kúwodò:
Báyọ̀, nǹkan wà níbẹ̀ o. Ṣẹ́gun, gbọ́ dáadáa. Oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n tó gbà kí ènìyàn máa yí orúkọ padà lórí PSN, ìyẹn ibi tí àkáǹtì PlayStation wà lórí ayélujára. Kó tó dìgbà náà, orúkọ tí o bá fi ṣí àkáǹtì lo máa jẹ́ kú. Ìdí nìyẹn tí gémù tó jáde láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2018 kì í fi í ní wàhálà púpọ̀, àmọ́ àwọn tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn á gbà, òmíràn á kọ̀. Ó lè gbàgbé ibi tí o gbá a dé, ó lè má mọ ohun tí o fowó rà mọ́. Sony tó ni PlayStation fúnra wọn to orúkọ àwọn gémù tó máa ń dà á rú síta. Lọ kà á kí o tó tẹ ohunkóhun. Èmi ò rí ìṣòro kankan torí gémù bọ́ọ̀lù tuntun nìkan ni mò ń gbá. Trophy mi pé pérépéré.

Yíyí àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, dọ́là 9.99, tàbí 4.99 fún ẹni tó ń san PS Plus, owó àsansílẹ̀ PlayStation. Bí orúkọ tuntun bá dá wàhálà sílẹ̀, o lè padà sí ti tẹ́lẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Kẹ́mi T:
Tèmi náà, kò sí wàhálà. Orúkọ àná ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣì fi ń pè mí, ṣá.

Ìyá Àyọ̀, Òkè-Fìà:
Akin, o ṣeun, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àyọ̀. Roblox ni òun ń gbá. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í, mo wá rí i pé orúkọ ara rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n bí i ló so pọ̀ tó ń jẹ́ níbẹ̀. Àwọn tí n kò mọ̀ rí sì ń kí i. Àyà mi là gààrà! Mo ní ká yí i lójú ẹsẹ̀. Oríṣi orúkọ méjì ló wà níbẹ̀: èyí tó máa ń hàn lórí ọmọ náà nínú gémù jẹ́ ọ̀fẹ́, o lè yí i lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 7. Ṣùgbọ́n ojúlówó orúkọ àkáǹtì, Robux 1,000, owó inú gémù náà, ni wọ́n ń gbà. Tinútinú ni mo fi san án.

Fẹ́mi Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Àmọ́ ẹni tó bá wá orúkọ àtijọ́ yẹn lórí Roblox, ọ̀dọ̀ Àyọ̀ náà ló máa já sí. Tó bá jẹ́ èmi, àkáǹtì tuntun ni n bá ṣí fún un.

Ìyá Àyọ̀, Òkè-Fìà:
Fẹ́mi, ṣé o ti bímọ? Ọmọ tó kọ́lé síbẹ̀, tó ń sin ajá níbẹ̀, tó fi owó ọdún rẹ̀ ra aṣọ síbẹ̀, ìwọ ní kí n ní kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀? Mo ti ti gbogbo ibi tí àjèjì lè gbà bá a sọ̀rọ̀. Ìyẹn tó.

Báyọ̀ Pádì Méjì:
Ẹ̀yìn Ìyá Àyọ̀ ni mo wà.

Tóbi Old Garage:
Ẹ̀yin ń sọ ti trophy. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí nílé wa. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbá gémù kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó yí orúkọ padà, inú rẹ̀ dùn. Kò pẹ́ sígbà náà, ẹlòmíràn gba orúkọ àtijọ́, ó fi irú àwòrán tí àbúrò mi máa ń lò síbẹ̀, ó wá ń kọ̀wé sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Fóònù mi ti bọ́ sómi, ẹ bá mi fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí." Àwọn kan fi ránṣẹ́! Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Òṣogbo níbí, mọ ilé wa. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ń pariwo "olè" lẹ́nu ọ̀nà wa. Màmá mi wà nílé, aládùúgbò ń wò wá. Ọmọ tí kò mú kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kí àbúrò mi tó lè gba òpópónà wa kọjá láti lọ ra nǹkan.

Kẹ́mi T:
Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, Tóbi. Ẹ bá mi kí màmá.

Rájí:
Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì wọ̀ mí létí. Báwo ni ẹni yẹn ṣe mọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀?

Tóbi Old Garage:
Rájí, orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa ń hàn fún ẹni tó bá tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà. Àti pé a fura pé ẹni tí wọ́n ti lé kúrò níbẹ̀ ló ṣe é.

Rájí:
Ó ti yé mi. Ẹ má bínú. Síbẹ̀, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ láìpe fóònù ló jẹ̀bi.

Kẹ́mi T:
Rájí, o ò lè dá ẹni tó ṣàánú lẹ́bi! Ọ̀rẹ́ rẹ ní fóònù òun bọ́ sómi, fóònù wo lo fẹ́ pè?

Rájí:
Pe ilé rẹ̀. Ṣebí ó mọ ilé náà nígbà tó fẹ́ wá pariwo.

Akin Alẹ́kúwodò:
Ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́pọlọ. Ohun tó yẹ kí Ṣẹ́gun bèèrè nìyí: orúkọ tí mo bá bọ́ sílẹ̀, ta ló ni ín? Lórí PSN, wọn kì í fún ẹlòmíràn, tìrẹ náà ni. Lórí gémù Minecraft, lẹ́yìn ọjọ́ 37, ẹnikẹ́ni lè mú un. Ọ̀nà tí oníkálukú gbà ń ṣe é yàtọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń tú u sílẹ̀, sọ fún àwọn ènìyàn rẹ kí o tó yí i, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Sodiq:
Steam, ibi tí a ti ń ra gémù kọ̀ǹpútà, ńkọ́?

Fẹ́mi Òkè-Baálẹ̀:
Èyí tí ayé ń rí, yí i bó ṣe wù ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí o fi ń wọlé kò ṣe é yí. Ní ti gémù Free Fire, dáyámọ́ǹdì 390, owó inú gémù náà, ni wọ́n ń gbà láti yí orúkọ.

Bàbá Ọjà Ọba:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àpérò. Dráfù lèmi ń ta lórí fóònù. Ọmọkùnrin kan wà ní Jámánì tí a jọ máa ń ta lẹ́yìn ìrun Ìṣáà, ó mọ̀ ọ́n ta púpọ̀. Ó ṣe sàà, n kò rí orúkọ rẹ̀ mọ́. Mo wá a títí. Mo rò pé nǹkan ti ṣe é, mo tilẹ̀ ń fi í sínú àdúrà. Ẹnìkan tí n kò mọ̀ wá ń pè mí síjà, mi ò dá a lóhùn, mo ní ta nìyí? Ìgbà tó yá ló kọ ọ́ pé: "Bàbá, èmi mà ni, orúkọ ni mo yí padà." Inú mi dùn, mo sì bínú sí i. Orúkọ kan ṣoṣo tí mo fi mọ ọ, o pa á rẹ́ láìsọ fún mi. Ṣẹ́gun, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ìyá Àyọ̀, Òkè-Fìà:
Ẹ kú àdúrà, bàbá wa.

Tóbi Old Garage:
Ọ̀rọ̀ bàbá yìí wọ̀ mí lára.

Ṣẹ́gun Ìgbọ̀nà:
Ẹ ṣé, sà. Mo máa kọ̀wé sí gbogbo wọn lálẹ́ òní kí n tó fọwọ́ kan nǹkan. Mò ń ro Oroki_Asala. Ẹ wò ó?

Rájí:
Orúkọ ìlú ni wàá máa fi gba góòlù márùn-ún sílé? Mú ti ara rẹ.

Kẹ́mi T:
Rájí, fi í sílẹ̀. Òṣogbo ìlú aró, ó yẹ kí wọ́n máa rí wa níbẹ̀.

Mápó Boy:
Ẹdẹ ni mo ti ń wo yín. Ẹ̀yin Òṣogbo! Bí ẹnikẹ́ni bá fi Òròkí bọ́ sórí pápá, ọ̀dọ̀ èmi ló ti máa kọ́kọ́ sunkún.

Báyọ̀ Pádì Méjì:
Ọmọ Ẹdẹ tó gba mẹ́rin lọ́wọ́ mi ní Ayétòrò ló ń sọ̀rọ̀ yìí?

Mápó Boy:
Iná ló lọ! A ò parí eré yẹn!

Sodiq:
Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, Oroki_Asala kò sí mọ́. Ẹnìkan ti ń jẹ́ ẹ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ìbàdàn lòun wà.

Kẹ́mi T:
Ìbàdàn kẹ̀?

Báyọ̀ Pádì Méjì:
Ẹ jẹ́ kí n fi ìkésíni ránṣẹ́ sí i. Ó máa gbá a lálẹ́ òní.